Àmì Pupa Tí Oyèṣọlá Fi Sára Kọ̀ǹpútà

“Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi tò ó! Kò sí gbájúẹ̀ kankan tó mú irinṣẹ́ dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà yìí bá kú lójú mi, kòtò méjì ni kí ẹ gbẹ́. Ẹ sin òun sí ọ̀kan, kí ẹ ti èmi náà sí ìkejì!”

Báyìí ni Oyèṣọlá ṣe ń lérí nínú yàrá rẹ̀ ní Ìlá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, níwájú àwọn ọmọ ìlú mẹ́rin tó ti Èkó wálé ọdún. Ó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ oyè. Lórí tábìlì, kọ̀ǹpútà náà ń tan iná pupa, ó ń tan iná aró, fáànù inú rẹ̀ ń yí fìrìfìrì. Wọ́n tẹ eré bọ́ọ̀lù sí i. Pápá yọ, òǹwòran hó yèè. Ará Èkó kan gbá bọ́ọ̀lù, Oyèṣọlá já a gbà, ó gbé e sáré, ó ku òun àti aṣọ́lé nìkan, ó fẹ́ gbá a báyìí…

Kò sí mọ́. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú bí ìdí ìkòkò. Fáànù dákẹ́. Oyèṣọlá tẹ bọ́tìnnì, kò dìde. Ó gbá a létí, kò dìde.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ọ̀kan nínú àwọn ará Èkó wí, “ẹ̀yìnkùlé ni ká gbẹ́ kòtò náà sí ni, àbí iwájú ilé?”

Obì ni Oyèṣọlá ń tà. Ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé tó wà nítòsí Ọ̀rà àti Òkè-Ìlá, ó sì ń kó o ránṣẹ́ sí Òkè Ọya. Ẹni tó bá sì ń ta obì, kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú ní gáréèjì. Bó bá ṣẹ́jú báyìí, àpò obì rẹ̀ tó ń dán á ti di àpò obì tí kòkòrò ti jẹ. Ìdí nìyí tí gbogbo àpò Oyèṣọlá fi ní àmì. Kútẹ́ẹ̀sì pupa tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ayọ̀ọlá, fi ń kun èékánná ló máa ń jí mú, á sì kán an sí ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan. Ó kán an sí abọ́ ìjẹun rẹ̀. Ó kán an sí bàtà, ó kán an sí agboòrùn. Nígbà tó wá ń ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́rìnlá gbáko, ó búra pé òun ò ní gbé e fún oníṣẹ́ kankan tò.

“Ojúlówó ni wọ́n ń yọ,” ni ó wí, “ayédèrú ni wọ́n ń fi rọ́pò.”

Ó wo fídíò títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó jókòó, Ayọ̀ọlá mú tọ́ọ̀ṣì dání fún un. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ wọlé, Oyèṣọlá á kọ́kọ́ kán kútẹ́ẹ̀sì sí i lára.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá kú yìí, oníṣẹ́ tí yóò wò ó kò jìnnà. Elijah tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe lójú títì ni àfẹ́sọ́nà Ayọ̀ọlá. Sátidé ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni àwọn ẹbí Elijah ń bọ̀ láti Ìrèsì wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Màmá Zipporah, ìyá Oyèṣọlá àti Ayọ̀ọlá, ti fọ àwọn àwo tí kì í yá ẹnikẹ́ni, ó sì ti ń pe Elijah ní “àna mi” láàárín ọjà, kí àwọn tí ọmọ tiwọn ò tíì rí ọkọ lè gbọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Elijah dé pẹ̀lú báàgì irinṣẹ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kété tí ẹ bá tàn án ló ń kú, àbí ó máa ń pẹ́ díẹ̀?”

“Ìgbà tí mo bá fẹ́ gbá góòlù wọlé ló máa ń kú.”

“Á jẹ́ pé ó mọ bọ́ọ̀lù.”

Elijah yọ ọ́ lójú iná kan, ó tì í bọ òmíràn. Ó ń kú. Ó yọ ọ́ lára iná ìjọba, ó fi í sára jẹnẹrétọ̀. Ó ń kú. Ó tú u, ó fa mẹ́mọ́rì rẹ̀ yọ, pátákó pẹlẹbẹ kan tó gùn bí ìka ọwọ́. Ó fi írésà ọmọléèwé ra eyín rẹ̀, ó fi tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, nu gbogbo ara rẹ̀ mọ́, ó dá a padà. Ó tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà dìde! Màmá Zipporah jó wọ yàrá wá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò pé tí kọ̀ǹpútà tún kú. Màmá Zipporah rìn jáde.

Elijah fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, ó sáré fà á padà. “Ó gbóná bí ààrò. Kì í ṣe iná ló ń pa á, ooru ni. Ẹ jẹ́ n ṣí irin tí fáànù yìí jókòó lé. Òun ló yẹ kó máa fa ooru kúrò lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀.”

Oyèṣọlá fò dìde. “Ọpọlọ! Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀! Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ọpọlọ!”

“Ẹ̀gbọ́n, èmi àna yín?”

“Àna ò tíì dé. Sátidé ni.”

Elijah rẹ́rìn-ín, ó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó lọ.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ fẹ́ dìde mọ́ àfi tó bá kọ́kọ́ sinmi. Oyèṣọlá ti ilẹ̀kùn, ó tú u, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn àmì rẹ̀. Fáànù: àmì wà. Àpótí iná: àmì wà. Ó fa mẹ́mọ́rì yọ, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ó mọ́ tónítóní. Àmì ò sí.

“Elijah ti pa mí o!”

Kò wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi dé ṣọ́ọ̀bù Elijah, mẹ́mọ́rì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gbé Bíbélì lọ búra. “Olè! O yọ ojúlówó, o fi ayédèrú síbẹ̀! Ilé tí o ti fẹ́ gbé ìyàwó lo ti ń jalè!”

“Ẹ̀gbọ́n, tínà ni mo fi nù ún,” ni Elijah wí. “Kútẹ́ẹ̀sì ò lè dúró níwájú tínà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, oníbàárà wà níbí.”

Oníbàárà ò wà níbẹ̀ pẹ́. Obìnrin kan na ọwọ́: “Bá mi gbé fóònù mi bó ṣe wà.” Ẹni kejì náà gba tirẹ̀. Ẹni kẹta ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀, ó mú tirẹ̀ lórí tábìlì, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹnu ewúrẹ́ kó tó rà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá Zipporah tẹ Ìrèsì láago: kí ẹbí Elijah má tíì wá, kí wọ́n sinmi ná, ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ. Ayọ̀ọlá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sunkún, ó wọ yàrá, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò gbèjà ẹnikẹ́ni. Oyèṣọlá ní ọmọ dáadáa ni, ó mọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Oyèṣọlá fi ọ̀kadà gbé oníṣẹ́ mìíràn wá láti Òkè-Ìlá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àrẹ̀mú. Wọ́n ní Àrẹ̀mú kì í wojú ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, nǹkan tó bá ń tú nìkan ló máa ń wò. Oyèṣọlá jókòó tì í, orúnkún kan orúnkún.

“Páálí tí mẹ́mọ́rì yìí bá wá ńkọ́?” ni Àrẹ̀mú bèèrè.

Páálí wà. Oyèṣọlá kì í da páálí nù. Àrẹ̀mú ní kó máa ka nọ́ńbà ara páálí sókè, òun náà ń fi ìka tọ ti ara mẹ́mọ́rì. Wọ́n kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀kan náà ni.

“Wọ́n lè tẹ ayédèrú nọ́ńbà sí i lára,” ni Oyèṣọlá wí.

Àrẹ̀mú fa irinṣẹ́ yọ. Ó ti ń tú ìdè irin abẹ́ fáànù. Oyèṣọlá fẹ́ dì í lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n irin ti gbéra. Abẹ́ rẹ̀ rèé: ọ̀rá kan lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, ooru ti sọ ọ́ di àwọ̀ ẹ̀pà díndín. Ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ fi bo irin náà kó má baà họ ni, òun ni kò sì jẹ́ kí irin rí ooru fà. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé kí a yọ ọ́ kí a tó lò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀wé náà gan-an, lórí ọ̀rá, àmì kútẹ́ẹ̀sì pupa kan jókòó kiribiti, ó ń dán.

“Àmì yín nìyí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?” ni Àrẹ̀mú bèèrè lọ́wọ́ irin náà.

Oyèṣọlá ya ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé Elijah ló fi ọ̀rá síbẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì ń wò ó. Oṣù mélòó ló ti fi ń de olè? Ó ti mú un wàyí, orúkọ olè náà sì ni Oyèṣọlá.

Àrẹ̀mú bó ọ̀rá kúrò, ó nu irin, ó fi ìpara tó ń fa ooru sí i, ó dè é padà. Kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì gbáko. Kò kú. Ara rẹ̀ tutù bí ara ọmọ tí ibà ti fi sílẹ̀.

Màmá Zipporah ní a kì í fi ẹnu lásán bẹ ẹni tí a bà lórúkọ jẹ́, kí wọ́n gbé ẹ̀rí náà dání. Oyèṣọlá ru kọ̀ǹpútà, Àrẹ̀mú gbé ojú kọ̀ǹpútà náà, Ayọ̀ọlá mú wáyà, ó di ṣọ́ọ̀bù Elijah. Wọ́n bá bàbá Elijah lórí bẹ́ńṣì níbẹ̀. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ó ti Ìrèsì wọkọ̀ wá láàárọ̀ láti gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ jí. Wọ́n kí i tìtìjú-tìtìjú. Ó dáhùn.

Àrẹ̀mú tan kọ̀ǹpútà síwájú gbogbo wọn, ó fi ọ̀rá náà hàn. Oyèṣọlá, ẹni tó fi ọdún mẹ́fà ju Elijah lọ, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì. “Elijah, èmi ni mo ṣe é. Má wo tèmi.”

Elijah wò ó. Ó wo ọ̀rá. Lójijì, ó bú sẹ́rìn-ín! Ó fa Oyèṣọlá dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀ nù fún un. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń kán kútẹ́ẹ̀sì sí abọ́ nínú ilé ìyá yín, ta ni mo jẹ́ tí ẹ ò fi ní fura sí mi? Ó ti tán.”

“Olúwa ṣeun!” Màmá Zipporah ti ń wá fóònù nínú ìró. “Ẹ jẹ́ n pe Ìrèsì, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́la. Àwọn àwo yẹn ṣì wà ní fífọ̀!”

“Màmá, ẹ dúró ná.” Elijah yíjú sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. “Ayọ̀, kí ni Àrẹ̀mú bá nínú fóònù rẹ lánàá?”

Ayọ̀ọlá wo Àrẹ̀mú. Àrẹ̀mú wo ilẹ̀.

“Ọ̀gá kan ló kọ́ àwa méjèèjì níṣẹ́,” ni Àrẹ̀mú wí jẹ́jẹ́. “Ayọ̀ọlá gbé fóònù tí Elijah tún ṣe fún un wá bá mi ní Òkè-Ìlá, ó ní kí n tú u, kí n wò ó bóyá wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan nínú rẹ̀. Wọn ò pààrọ̀ nǹkan kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo sì pe Elijah, mo sọ fún òun náà.”

“Mo fẹ́ mọ̀ ni,” ni Ayọ̀ọlá wí, omi lójú rẹ̀, “kí n lè rí ẹnu gbèjà yín.”

“Lánàá lo ti mọ̀. Lánàá náà ni àwọn ọmọdé ń pè mí lólè lójú títì yìí. Ta lo sọ fún?”

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé kò sọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà mọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n lè pè mí lólè,” ni Elijah wí, kò gbóhùn sókè. “Kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n ni mo fẹ́ fi ṣaya.” Ó jókòó, ó fa fóònù kan tó wà ní títú síwájú rẹ̀. “Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ má wulẹ̀ pe Ìrèsì.”

Màmá Zipporah ti fóònù bọ ìró padà. Ayọ̀ọlá ń ká wáyà tí ẹnikẹ́ni ò ní kó ká. Oyèṣọlá fẹ́ tún dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí òun máa dọ̀bálẹ̀ fún. Lórí tábìlì, kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ láìsí àléébù, òǹwòran inú rẹ̀ ń hó yèè.

Bàbá Elijah tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà fún ìgbà pípẹ́.

“Kí tilẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe?” ni ó bèèrè.

“Eré ni, Bàbá,” ni Oyèṣọlá dáhùn.