Ẹyin Tí Kò Sí

Ọkọ mi ni gbogbo ayé ń pè ní Ọ̀gá Onídán. Èmi ni wọ́n ń pè ní obìnrin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ọdún méjìlá ni mo fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ o, nínú aṣọ kan tó ń dán yinrin, tó sì ń yún mi lọ́rùn bíi yèrèpè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún un. Á na àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀, á ní ẹyin ni. Á jù ú sí mi. Èmi ni màá tẹ orúnkún díẹ̀, màá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, màá gbé e sétí, màá mì í wò. Nígbà tí gbogbo ojú bá wà lára mi, ọwọ́ òsì ẹ̀ á yọ́ wọ abẹ́ kóòtù, á mú ojúlówó ẹyin. Màá ju tèmi padà, òun á hán an, á fi ẹyin han gbogbo èèyàn, wọ́n á hó yèè. Wọn ò mọ̀ pé ibi tí mo bá wò làwọn náà ń wò.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ń wá onídán tí yóò máa ṣeré níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n ní ká wá fi tiwa hàn lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Mo bẹ ọkọ mi pé lọ́tẹ̀ yìí, kí orúkọ mi náà wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ẹ́ láti ọdún méjìlá nìyẹn.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Orúkọ kí ni? Kí lo ń ṣe gan-an? Ṣé torí o ń gbá afẹ́fẹ́ mú?"

"Ó dáa, sà," ni mo wí. Inú ń bí mi, àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo wọ aṣọ mi, a jọ lọ.

Ọ̀gá gbọ̀ngàn jókòó síwájú wa gan-an, òun àti akọ̀wé ẹ̀. Bàtà funfun ni ọ̀gá náà wọ̀. Ọkọ mi sọ̀rọ̀ ńláńlá, ó ju ẹyin ẹ̀. Mo nawọ́ sí i, mo sì jẹ́ kó bọ́.

"Yéè!" Mo fò sẹ́yìn, mo tẹjú mọ́lẹ̀. Mo yọ áńkáṣíìfù, mo nu etí bàtà mi. "Ẹ rọra o, ọ̀gá, pupa ẹyin ń ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Ọ̀gá gbọ̀ngàn ká ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ wéré. Akọ̀wé gbé báàgì ẹ̀ lé itan. Ọkọ mi na ojúlówó ẹyin sókè, ó ń pariwo, "Òun rèé! Òun rèé!" Kò sẹ́ni tó wo ibi tó wà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀gá gbọ̀ngàn tó rí i pé ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó mú bíírò.

"Màdáámù, kí ni ká kọ? Orúkọ yín ló máa wà lókè."

"Tèmi ńkọ́?" ni ọkọ mi bi í.

"A máa wá àyè fún un nísàlẹ̀."

Ó ní ká wá fọwọ́ sí ìwé lórí tábìlì ẹ̀ lọ́hùn-ún. Èmi ni mo ṣáájú. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọkọ mi ń bọ̀, ó sì fajú ro. Bó ṣe dé ibi tí mo jẹ́ kí ẹyin bọ́ sí, ó fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹ̀ sókè, ó sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.