Àpótí Pupa Tó Wà Níwájú Ìyá Rájí

...ó tún ti pọ́n. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo tẹ "Ìyá Rájí" sínú àpótí kékeré yìí, kọ̀ǹpútà sì ń wò mí bí ọlọ́pàá ẹnubodè. Orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ohun tó bèèrè nìyẹn. Mo ti dá a lóhùn. Kí ló tún kù...

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé yunifásítì yìí. Mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n padà wá kẹ́kọ̀ọ́. Káàdì tí wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn láàárọ̀ ní àlejò ni mí. Ó dáa. Àlejò jókòó, àlejò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohùn sínú kọ̀ǹpútà kó má baà ṣègbé. Ta ló sì gba àwọn ohùn náà sílẹ̀? Àlejò. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìndínlógún, ohùn àwọn àgbà wa ní Alabar, àdúgbò àwa Yorùbá ní Kumasi, nígbà tí irun mi ṣì dúdú.

Afia tó ń kọ́ wa ní ohun tí a bá ń tọ́jú gbọ́dọ̀ wà níbi mẹ́ta. Mo gbà. Ó ní ká máa ṣí i wò lọ́dọọdún. Mo gbà. Ó ní ohùn tí kò bá lórúkọ, kọ̀ǹpútà ò ní gbà á — ibẹ̀ la ti pínyà.

"Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, Alhaji, ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ́ Rájí. Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Òun fúnra rẹ̀ ni Ìyá Rájí. Ṣé kí èmi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kumasi, tí wọ́n sì nà dáadáa — ṣé kí n máa pe ẹni tó tó ìyá mi lórúkọ gbàgà, bí ẹni ń pe ewúrẹ́? Mo ṣàlàyé ọ̀wọ̀ fún un. Mo ṣàlàyé ẹ̀ pẹ́. Fatawu tó wà lẹ́yìn mi ló bà á jẹ́: "Alhaji, Ìyá Àfísù mẹ́ta ló wà nínú ìwé yín. Èwo ló ń ta aṣọ?"

Èyí tó ga ni. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò kọ gíga rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Aago mẹ́rin ni wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn. Ohùn tí àpótí rẹ̀ bá ṣì pupa nígbà yẹn yóò kù sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, wọn yóò sì kó ìyẹn dànù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Sàbírátù ọmọ mi ti bá mi rìn kiri àdúgbò Aboabo lọ́sàn-án, ó rí orúkọ àwọn Ìyá Àfísù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Ti Ìyá Rájí ló kù. Rájí ti kú. Kò sí ọmọ mìíràn. Sàréè ìyá rẹ̀ ò ní àkọlé. "Bàbá, ta la tún fẹ́ bi?"

A ó bi òun fúnra rẹ̀. Mo ki nǹkan ìgbọ́rọ̀ bọ etí. Bóyá ó dárúkọ níbì kan...

"...ìjọba ní àlejò ni wá, ká kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kó kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ mi fún Yaa ọ̀rẹ́ mi. Ọdún méje, Yaa ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i..."

Orúkọ Yaa wà níbẹ̀; tirẹ̀ ni kò sí. Mo dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Ariwo. Ikọ́. Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin kan tó dá ara rẹ̀ lójú — èmi ni.

"Ẹ máa wí, mà."

"Jẹ́ n kọ́kọ́ dárúkọ, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Orúkọ mi ni—"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, mà. Mo mọ̀ yín. Kásẹ́ẹ̀tì ò gùn."

Mo dá a padà. *Orúkọ mi ni* — *Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.* Mo tún dá a padà, bí ẹni pé ọkùnrin yẹn lè panu mọ́ lẹ́ẹ̀kan péré...

Kásẹ́ẹ̀tì ò gùn. Ogún ìṣẹ́jú ló ṣófo níparí rẹ̀.

Ọ̀wọ̀. Àárọ̀ ni mo ti ń fi ọ̀wọ̀ bá ọmọ ọlọ́mọ jà. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó ti la ẹnu. Mo ń kánjú ni.

"Alhaji, ṣé ẹ ti rí i?" Afia ló ń bèèrè. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àpótí náà ṣì pupa.

Mo mọ̀ yín, mo ní.

Orúkọ Rájí nìkan ni mo mọ̀.