Ohun Tí Sugiya Tọ́ Wò

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó ń rán oòrùn jáde láràárọ̀ láì kọ́kọ́ béèrè ẹni tó yẹ fún. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ti Sugiya fún yín.

Ọjọ́ kẹta ọdún Chhath, ọdún ìbọ Oòrùn, ni, ní abúlé kan létí odò Ganga, ní ilẹ̀ Bihar ní Íńdíà. Láti alẹ́ àná ni Jirwa, ìyá ọkọ Sugiya, kò ti fi omi kan ẹnu. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń gba ààwẹ̀ yìí fún Oòrùn nítorí ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó ti sọ pé nínú odò nírọ̀lẹ́ yìí ni òun yóò gbé atẹ ọrẹ lé ìyàwó ilé lọ́wọ́, kí ààwẹ̀ náà lè di tirẹ̀ láti ọdún tó ń bọ̀. Ọdún méje ni Sugiya ti ń retí rẹ̀.

Òun nìkan ló wà nídìí ààrò amọ̀ tuntun, tó ń fi igi máńgòrò dáná. Àlìkámà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àkàrà dídùn ọrẹ, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, tí wọ́n sá a, tí wọ́n ń lé ẹyẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Bí ológoṣẹ́ kan bá ṣá a pẹ́nrẹ́n, kò ṣe é gbé fún Oòrùn mọ́. Sugiya da ṣúgà ìrèké sí ìyẹ̀fun náà, ó pò ó. Àfi bí ó ṣe fi ìka kan ẹnu, bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́, láti mọ̀ bóyá ó dùn.

Ó dùn. Ibẹ̀ ni Sugiya ti rántí pé ẹnu ènìyàn kò gbọdọ̀ kan ọrẹ ṣáájú Oòrùn.

Kò sẹ́ni tó rí i. Ó lè dákẹ́. Bó bá sì sọ ọ́, ta ni yóò gbé ààwẹ̀ ọgbọ̀n ọdún lé ẹni tí kò lè kó ahọ́n rẹ̀ níjàánu lọ́wọ́? Ó wo abọ́ náà títí iná fi fẹ́ kú. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, mo ti tọ́ ọ wò."

Jirwa lajú. "Kí lo tọ́ wò?"

"Ìyẹ̀fun ọrẹ. Ìka mi ló ṣáájú ọgbọ́n mi."

Arúgbó náà yíjú sí ààrò. "Ìyẹ̀fun mímọ́ mìíràn ńkọ́?"

"Kò sí, Màmá."

"Fà mí dìde. Ìyàwó, tẹ́ etí aṣọ sári tó o ró. A ń lọ tọrọ."

"Tọrọ kẹ̀? Àwa?"

"Àwa náà ni. Ayaba tó gba ààwẹ̀ yìí láyé àtijọ́, wọ́n ti ta tẹ́tẹ́ pàdánù ìjọba ilé ọkọ rẹ̀. Inú igbó ló wà. Ọwọ́ òfìfo ló nà sí Oòrùn láàárín omi, Oòrùn sì dá a lóhùn. Àbí o rò pé àkàrà ni Oòrùn ń jẹ?"

Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, Sugiya a sọ ohun tó ṣe, wọn a sì bu ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun mímọ́ sí etí sári rẹ̀. Ilé Batasiya ló kù. Láti ìgbà tí ewúrẹ́ obìnrin yìí ti jẹ ẹ̀fọ́ Sugiya, wọn kì í kí ara wọn.

"Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹnu tó pe ewúrẹ́ mi lólè náà ló tọ́ ọrẹ wò?"

"Òun náà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ewúrẹ́ mi jẹ ti Sugiya, Sugiya jẹ ti Oòrùn. Ta wá ni ọ̀gá olè?"

Sugiya dorí kodò. Batasiya rẹ́rìn-ín títí, ó wọlé, ó sì gbé abọ́ méjì kíkún jáde. "Gbà. Yára lọ dín in, oòrùn kì í dúró de ọ̀gá olè."

Nírọ̀lẹ́, àkàrà tuntun ti wà nínú atẹ, omi odò sì mu wọn dé ìbàdí. Oòrùn pọ́n rẹ̀rẹ̀ lórí odò.

"Màmá, kí ló dé tí a fi ń kí èyí tó ń wọ̀ ṣáájú èyí tí yóò là lọ́la?"

"Èyí tó ń là, gbogbo ayé ló ń kí i. Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ?"

Jirwa gbé atẹ náà lé e lọ́wọ́. "Gbà á, ọmọ mi. Ẹni tí yóò gbé e kò gbọdọ̀ ní ohun tó ń fi pamọ́ fún ìmọ́lẹ̀."

Sugiya gbé atẹ náà sókè sí Oòrùn títí ó fi wọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, ó sì tẹrí ba fún Jirwa.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ọwọ́ tí ẹ bá nà kò ní padà lófìfo. Oòrùn yín kò ní wọ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó sì rí ẹni dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Àṣẹ.