Ìyá Ń Wẹ̀ ní Bad Tannau

Ìyá ọkọ mi ò fẹ́ lọ sí Jámánì rárá. Túnmiṣe, àbúrò ọkọ mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bad Tannau, ló bẹ̀ wọ́n títí. Ó ní omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, àti pé àwọn dókítà ibẹ̀ máa ń fi wo oríkèé ríro. Bí Ìyá bá lè fara balẹ̀ fi wẹ̀, orúnkún tó ti há wọn mọ́lé ní Riverdale, ní Amẹ́ríkà níbí, yóò nà. Bàbá, ọkọ wọn, ló wá dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní, "Ìyá Láńre, lọ gba ẹsẹ̀ rẹ bọ̀." Èmi ni mo di báàgì.

Lójoojúmọ́ ni Ìyá ń pè wá lórí fídíò. Ìlú náà wà nínú àfonífojì, igbó dúdú sì yí i ká débi pé oòrùn kì í yọjú títí ilẹ̀ fi máa mọ́ dáadáa, bó bá sì yọjú náà, kì í pẹ́ tó fi ń sá padà sẹ́yìn òkè. Òjò winniwinni ṣáá. Àwọn arúgbó a máa ti gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń mu omi náà bọ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ẹnì kan kì í kí ẹnì kan. Ìyá ní omi náà ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ìlú tí èèyàn sì ti máa jí láìgbọ́ "ẹ káàárọ̀" kì í ṣe ìlú. Bàbá a gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọn a ní ta ló lọ fi ìyàwó àwọn pa mọ́ sínú igbó yìí. A ó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn ọkàn mú Bàbá, ó sì ń rẹ̀ wọ́n lójoojúmọ́. Dókítà ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́, kí á máa gbé wọn lọ sílé. Yasmin, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kó máa wá wò wọ́n nílé, ò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún wa: ẹni tó bá fẹ́ rí Bàbá, kó tètè wá. Bàbá fúnra wọn mọ̀. Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá Praise, bá mi pe Ìyá Láńre. Kó máa bọ̀."

Ẹbí bá jókòó sí pálọ̀. Uncle Ìbídàpọ̀, àbúrò Bàbá, wa ọkọ̀ wá láti Duluth. Wọ́n ní nílé àwọn, a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà lórí fóònù, ká má tíì sọ ẹni tó wà lájò, tó ní BP. Láńrewájú, ọkọ mi, ní ẹ jẹ́ kí Mummy parí treatment, kí gbogbo wàhálà yẹn má lọ já sásán. Túnmiṣe gbà láti ọ̀hún. Mo ní Bàbá ló ń béèrè ìyàwó wọn. Ọkọ mi wò mí bíi pé mo da omi sí i lára. Ìyàwó ilé ni mí, ṣẹ́ ẹ rí i. Ìyàwó ilé kì í bá wọn dá ẹjọ́ ẹbí, oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ bí wọ́n bá dá a tán ló ń sè. Inú bí mi débi pé mi ò lè fọ abọ́.

Báyìí ni irọ́ di méjì. Bí Ìyá bá pè, Bàbá ń sùn, tàbí Bàbá lọ gẹrun. Bí Bàbá bá béèrè, Láńrewájú á ní, "Mummy ti wà lọ́nà, sir. Friday ni wọ́n ń dé."

Nígbà tí Friday pé, Bàbá ní kí n fá irùngbọ̀n àwọn, kí n wọ ẹ̀wù funfun fún àwọn. Wọ́n ní ká yí bẹ́ẹ̀dì kọjú sí fèrèsé. Ọkọ̀ tó bá ti kọjá, wọn a gbé orí. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá pè mí, ohùn wọn ń dún bí ti ọmọge.

"Ìyá Praise, mo rìn láti ilé Túnmiṣe dé ìdí omi, ẹnikẹ́ni ò dì mí mú. Má sọ fún Bàbá o. Mo ti ní kí wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ kún ticket mi, kí orúnkún yìí lè dáa sí i. Mo fẹ́ kó rí mi tí mò ń rìn bọ̀ ní airport."

Láńrewájú dúró níwájú mi, ó ń mi orí. Mo ní, "Ẹ kú oríire, Ma."

Bàbá kú láàárọ̀ Sunday. Ẹni tí wọ́n bi ní "Ṣé ó ti dé?" gbẹ̀yìn ni Yasmin, tí ò gbọ́ Yorùbá. Ó wá bi mí lẹ́yìn náà pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀ náà, ẹbí ò sọ fún Ìyá. Wọ́n ní ara Bàbá ń gbóná díẹ̀, kí Ìyá máa bọ̀. Ní airport, Ìyá kọ wheelchair, wọ́n rìn jáde pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wo ẹ̀yìn wa bóyá ẹnì kan tẹ̀ lé wa. Láńrewájú ní Bàbá wà nílé. Ìyá sọ̀rọ̀ òjò àti igbó Bad Tannau títí a fi délé.

Pásítọ̀ àtàwọn ìyá ìjọ ti kún pálọ̀. Ìyá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá ò ké.

"Ṣé ó béèrè mi?"

Láńrewájú sáré dáhùn pé rárá o, Bàbá kàn sùn lọ ni, wọn ò tiẹ̀ jẹ̀rora. Ìyá ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ni wọ́n ń wò. Uncle Ìbídàpọ̀ wúkọ́ sí mi. Irọ́ náà ti tó.

Mo ní, "Wọ́n béèrè yín, Ma. Ojoojúmọ́ ni. Wọ́n ní ẹ ń bọ̀ ní Friday, wọ́n ní kí n fá irùngbọ̀n àwọn dè yín."

Ìyá yíjú sí ọmọ wọn.

"Láńrewájú, ta lo rò pé mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ yìí rìn lọ bá?"

Àwọn ìyá ìjọ dìde, wọ́n fẹ́ fa Ìyá jókòó, wọ́n bẹ̀ wọ́n. Ìyá ò jókòó. Wọ́n dúró láàárín pálọ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì títí ilẹ̀ fi ṣú.