Bébà Àkàrà Ìyá Ọlápàdé

4.

…kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé ẹrù náà. Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè. Kíkẹ́ gbé ẹrù lé itan, ó ní, "Ẹni tó bá ṣí i, èmi àti olúwarẹ̀ ni." Nígbà náà ni ọkùnrin oníkóòtù dúdú dìde, ó

Epo ló mu ìyókù.

5.

Bébà tí wọ́n fi di àkàrà ni. Ojú Ẹlẹ́gbà ni Làbákẹ́ ti ra àkàrà náà nígbà tó ń bọ̀ wá wo ọkọ rẹ̀ ní ọsibítù ńlá Ìdí-Àràbà. Òun ló jẹ ẹ́. Ọ̀fun Àkàngbé ò gba àkàrà mọ́, jẹjẹrẹ ti jókòó síbẹ̀.

Bébà ló gbà.

Káfíńtà ni Àkàngbé. Ìwé mẹ́ta péré ló kà. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wọn pákó. Nígbà tó dé ibi epo, ó bú epo.

6.

*(Pẹ́ńsù káfíńtà ló fi kọ ọ́, nínú ìwé Adùnọlá ọmọ rẹ̀.)*

ÀWỌN TÍ MO Ń BÁ YAN ODÌ

Sàlíhù onípákó. Pákó tútù ló tà fún mi, 1969.

Lánlọ́ọ̀dù wa ní Àgùdà. Ó mọ ohun tó ṣe.

Mobọ́lá, ìyá Ọlápàdé, ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló mú mi kúrò níléèwé pé kí n wá máa pọn ọmọ fún òun ní Mushin. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé rẹ̀, mi ò bá a sọ̀rọ̀. Mi ò ní bá a sọ ọ́ títí wọ́n á fi sin mí.

Dókítà tó ní kí n má bẹ̀rù.

7.

LÀBÁKẸ́: Kí ló tiẹ̀ wà nínú ẹrù yẹn?

ÀKÀNGBÉ: Epo ti jẹ ẹ́.

LÀBÁKẸ́: Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan sí i. Ẹ kọ ọ́ pé orí òkú ni.

ÀKÀNGBÉ: Obìnrin yìí, o burú o.

SYLVESTER *(bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, a rò pé ó ń sùn)*: Orí kẹ̀? Pìkín ni, jàre.

LÀBÁKẸ́: Ọmọ tí kì í ké?

SYLVESTER: Ó ti yó.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Àkàngbé dún bí ayùn tó kan ìṣó. Ó kọ "ọmọ" sílẹ̀ gàdàgbà. Kò rántí ìgbà tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

8.

*Bàbá, ẹ̀rọ tí a fi ń jó egbò yín kò ràn án. Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ. A ó gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò, kí ẹ lè yè é. Ẹ ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. — Nọ́ọ̀sì*

Pẹ́ńsù, nísàlẹ̀: *Láé?*

Bírò: *Láé.*

9.

Odì tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn, odì nìyẹn. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ yàn fún un ńkọ́?

10.

Ọlọ́run, kí lo fẹ́ fi ohùn káfíńtà ṣe?

11.

Lọ́jọ́ Ajé, bébà márùn-ún dé pọ̀. Odindi. Kò sí epo lára wọn. Àwòrán Kíkẹ́ àti ẹrù rẹ̀ wà lókè gbogbo wọn.

ÀKÀNGBÉ: Ta ló ṣa ìwọ̀nyí jọ?

LÀBÁKẸ́: Alákàrà ni.

ÀKÀNGBÉ: Alákàrà wo?

LÀBÁKẸ́: Ti Ojú Ẹlẹ́gbà.

ÀKÀNGBÉ: Làbákẹ́.

LÀBÁKẸ́: Ìyá Ọlápàdé ni. Ẹ sáà mọ̀ pé wọn ò mọ̀wé. Àwòrán yẹn ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì yọ ọ́ sọ́tọ̀. Wọ́n ní kí n má sọ.

Àkàngbé run gbogbo rẹ̀ mọ́wọ́, ó jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

12.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

SYLVESTER: Bàbá, àbẹ̀g, kà á. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹrù.

ÀKÀNGBÉ: Ó dọ̀la.

13.

Ọjọ́rú. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ mìíràn sórí bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án.

14.

Àkàngbé rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kó bébà jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. Ó jókòó, ó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, ó ń kà á sókè. Ohùn rẹ̀ gé lẹ́ẹ̀mejì. Kíkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdó. Kíkẹ́ jókòó sílẹ̀. Kíkẹ́ ń tú okùn ẹrù.

Bébà tán.

15.

OHUN TÍ MO FẸ́ FI ẸNU SỌ KÍ ỌJỌ́BỌ̀ TÓ DÉ

Làbákẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Adùnọlá, káàbọ̀ láti iléèwé.

Sylvester, má bínú.

~~Ẹ̀gbọ́n~~

Ẹ̀gbọ́n

~~Ẹ̀gbọ́n~~

16.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀. Wọ́n ti wọ̀ ọ́ láṣọ iṣẹ́ abẹ. Obìnrin àgbàlagbà kan wọlé, òórùn epo gbígbóná ń bọ̀ lára rẹ̀. Ó fi gèlè wé bébà kan, ó gbé e mọ́yà.

MOBỌ́LÁ: Àkàngbé.

ÀKÀNGBÉ:

MOBỌ́LÁ: Wọ́n ní tí wọ́n bá ti gbé ọ wọlé, kò tún sí ohùn mọ́.

ÀKÀNGBÉ:

MOBỌ́LÁ: Mi ò wá bẹ̀bẹ̀. Mo mú ọ kúrò níléèwé, òótọ́ ni. Èmi náà, ta ló mú mi débẹ̀ rí? Wọ́n ní ìparí ìtàn ẹ rèé. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń wá a káàkiri Yábàá. Mi ò lè fi rán ẹnikẹ́ni.

ÀKÀNGBÉ:

MOBỌ́LÁ: Kà á fún mi. Kí ló wà nínú ẹrù yẹn?

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

17.

Ó gba bébà náà. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

18.

Ó la ẹnu.