Apá Aṣọ Tó Wọ́

"Màmá, ṣé èmi ni mo rán àpò yìí, àbí ẹ̀yin?"

Ìyá, tó jẹ́ télọ̀, ò gbójú sókè lórí máṣíìnì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti tilé ìwé dé, kò tíì bọ́ bàtà, ó di àpò aṣọ kékeré tó gbé lọ fún tíṣà mú.

"Ìwọ ni. Ta ni ì bá tún rán an?"

"Òwú pupa ni mo fi rán an, lókè nísàlẹ̀. Ẹ wonú ẹ̀, dúdú ni."

Ìyá gbà á, ó wonú ẹ̀. Aṣọ dúdú oníbàárà ló rán ṣáájú, ó wá gbàgbé láti pààrọ̀ òwú ìsàlẹ̀ máṣíìnì. Tipẹ́tipẹ́ ló ti ń yọ́ tú ohun tọ́mọ yìí bá rán, tí í tún un rán kó lè gún. Kì í ṣe ìkà o, ìfẹ́ ni. Èébú tí òun fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá òun, kò fẹ́ kọ́mọ ẹ̀ jẹ nínú ẹ̀.

"Tíṣà ní kí n rán òmíì lójú gbogbo kíláàsì. Mi ò lè rán an." Omijé bọ́ lójú ọmọ. "Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n rán ni. Mi ò rán nǹkan kan mọ́ láyé mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá wọra. Ìyá àgbà tó ń gán bọ́tìnnì létí fèrèsé wá mí kanlẹ̀. "Ẹni tá a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Mo sọ ọ́, o ní mo ti darúgbó."

Ìyá dìde. Ó mú aṣọ tó gé fún ara rẹ̀, tó ku apá kan.

"Má bínú, ọmọ mi. Mo ṣe é, kò dáa. Jókòó, bá mi rán apá yìí."

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Wàá tú u."

Ọmọ rán an, ó wọ́ kọjá bẹ́ẹ̀. Ó sunkún, ó tú u, ó tún un rán. Ọwọ́ ń yún ìyá débi pé ó kó méjèèjì sábẹ́ itan. Nígbà tó yá, ọmọ gbé e sókè, ó wò ó títí.

"Ó ṣì wọ́ díẹ̀."

"Ó wọ́. Kí la fẹ́ ṣe sí i?"

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Aṣọ yẹn ni télọ̀ wọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Télọ̀ wa, ta ló ba apá aṣọ yín jẹ́ báyìí?"

Ìyá fẹ́ dáhùn, ó ṣíjú wo ọmọ rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Èmi ni mo rán an," ọmọ wí, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Mo ṣì ń kọ́ ọ ni."