Ẹsẹ̀ Kẹrin Ilé Rùkáyátù

Èmi nìkan ló rí i. Gbogbo ará ìlú Massè lè parọ́ pé àwọn wà níbẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn! Àwọn ọkùnrin méjì tó wà nísàlẹ̀ gan-an, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, ojú ń tì wọ́n. Èmi wà lórí ọ̀pẹ, ọ̀pẹ tó ga débi pé mò ń rí òkun Kútọnu látibẹ̀.

Télọ̀ ni Rùkáyátù. Ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ kì í jókòó sójú kan: ilé kékeré kan ni, tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn báṣé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré Kàsímù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ilé náà ní ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tó ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́. Tí Rùkáyátù bá tẹ bọ́tìnnì, ẹsẹ̀ á gùn, ilé á gbéra sókè, báṣé á fẹ̀yìn rìn wọ abẹ́ rẹ̀, ó di ọjà Kpoulou, ó di ọjà Ikpinlè.

Àmọ́ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ẹsẹ̀ kẹrin ya olóríkunkun. Láàárọ̀, á kàn máa dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, á gùn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́kàníìkì ti wò ó. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì títí, pàbó.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà Kpoulou kan, Kàsímù mú Hàkímù tó ń jó irin wá, tòun ti ẹ̀rọ tó fi ń gé e.

"Ó tó gẹ́ẹ́, Rùkáyà. A máa gé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ilé yìí jókòó síbí. Kí àwọn oníbàárà máa wá bá ẹ."

"Nínú oko gbágùúdá, Ẹ̀gbọ́n? Ta ló fẹ́ wá ránṣọ níbí? Òkété?"

Rùkáyátù mọ̀ pé tí wọ́n bá fi lè gé ẹsẹ̀ yẹn, òun ò ní ná ọjà kankan mọ́ láyé.

Hàkímù ń rẹ́rìn-ín. "Pàtírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wa, ẹ sún díẹ̀. Aṣọ lẹ mọ̀, ẹ ò mọ iná."

"Gbé ẹ̀rọ yẹn sún mọ́ ilé mi, kí n rán ẹnu ẹ pọ̀! Tí máṣíìnì mi bá ń já òwú, ṣé mo máa ń sọ ọ́ nù ni? Mo máa ń tọ òwú náà títí dé ojú abẹ́rẹ́ ni."

Ó yọ okùn iná ẹsẹ̀ kẹrin, ó fi ti ẹsẹ̀ kẹta sí i, ó fi tiẹ̀ sí ẹsẹ̀ kẹta, ó tẹ bọ́tìnnì. Òkú ẹsẹ̀ gùn wàì! Ẹsẹ̀ kẹta tó ti ń ṣe dáadáa ló wá ń dún kẹ̀, kẹ̀.

"Ẹ rí i? Ẹsẹ̀ ò kú. Ọ̀nà iná ló dí."

Ó wọ abẹ́ ilé, ó ń fọwọ́ tọ okùn náà lọ, títí ó fi kan àpótí kékeré tí òun àti okùn bátìrì ti pàdé. Ó fẹnu sísọ́ọ̀sì tú u. Epo pupa ló kúnnú rẹ̀, ó dì gbagidi bí òrí.

"Ta ló da epo sínú iná mi?"

Kàsímù họrí. "Èmi ni. Lásìkò òjò. Kó má baà dógùn-ún, bí a ṣe ń fi pa ọkọ́."

"Ọkọ́ ń jẹ iná ni, Ẹ̀gbọ́n? Òtútù àárọ̀ ń mú un dì, oòrùn ọ̀sán ń yọ́ ọ. Ẹ wá fẹ́ torí ẹ̀ gé mi lẹ́sẹ̀!"

Ó tú orí bátìrì, ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ sún mọ́ àpótí náà. Epo yọ́. Mo búra, ó kún àgbá mẹ́ta, gbogbo èèrà Adja-Ouèrè ló wá ṣèpàdé síbẹ̀! Ó fi àjákù aṣọ nù ún títí irin inú rẹ̀ fi ń kọ mànà, ó dá okùn kálukú padà sáyè rẹ̀, ó so bátìrì, ó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ga, ó ga, ó fẹ́ẹ̀ gbá mi lẹ́sẹ̀ lórí ọ̀pẹ!

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wa báṣé wọ abẹ́ ilé. Hàkímù, sún, o dí mi lọ́nà ọjà."

Hàkímù sún. Kí aago mẹ́wàá tó lù, Rùkáyátù ti ń wọn aṣọ ní Kpoulou.

Ìwọ tó ń kà á, kí lo ń fajú ro sí? Ṣé o wà lórí ọ̀pẹ ni? Gbà mí gbọ́, kíá!